Orí Kẹrin: Ìpinnu Oṣù Kìíní fún Omi Oṣù Kẹsàn-án

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Odò Ọya gun títì wá bá wa ní apá Ganaja, ohun àkọ́kọ́ tí mo gbé jáde nínú ilé ni fírísà ńlá tí mo fi ń ta ẹja tútù. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá mi gbé e. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, omi wà ní ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wa tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, omi ti kọjá orúnkún. Odindi wákàtí kan la lò. Ní gbogbo wákàtí yẹn, àpò tí sátífíkéètì gbogbo wa wà nínú rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ibùsùn, ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi wà lójú fèrèsé. Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kò sí èyí tó wá sí mi lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀, fírísà náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú láti oṣù kẹjọ, èmi fúnra mi ni mo sì ń sá sókè sá sódò wá owó tí n ó fi tún un ṣe.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ìpayà ni àwọn ènìyàn ń pè é, mo sì mọ̀ pé n kò páyà. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mò ń pàṣẹ, àwọn ọkùnrin náà ń gbọ́. Àṣé ọkàn mi ti kún kí omi tó dé ni, ọkàn tó bá sì ti kún kì í wá ohun tó ṣe pàtàkì kiri; ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbé sá. Fírísà ni mo ti ń gbé lọ́kàn láti oṣù kẹjọ, fírísà náà ni mo gbé jáde.

Àwọn tí mo kọ orí ìwé yìí fún ni gbogbo ẹni tó ń gbé etí odò ní Lọ́kọ́ja, ní Adankolo, ní Kabawa, ní Ganaja, àti àwọn ará wa lódìkejì odò ní Koton Karfe. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí bí a ṣe ń fi àpò yanrìn sé omi. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe: kí ẹ mú ìpinnu kúrò lọ́jọ́ tí omi dé, kí ẹ gbé e lọ sí ọjọ́ tí ọkàn yín fúyẹ́.

Bí ọkàn ṣe ń kún

Alábàárù ọjà mọ iye àpò tí ọrùn òun lè gbé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan kún un, á ní ó tó. Ọkàn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Á máa gbà á, á máa gbà á, títí ẹrù á fi máa já bọ́ lẹ́yìn, ẹni tó ni ín kò sì ní gbúròó rẹ̀.

Ní ọdún 1956, George Miller, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ̀wé pé nǹkan bíi méje ni ènìyàn lè mú dání lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá kó fi méjì lé, bóyá kó fi méjì dín. Nígbà tó di ọdún 2001, Nelson Cowan tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó ní nǹkan bíi mẹ́rin ni. Ẹ wá bá mi fi ìka ka ohun tó wà lọ́kàn mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí: owó fírísà, gbèsè ẹni tó ń kó ẹja fún mi, owó ilé-ìwé ọmọ méjì tó ku ìdajì, bàbá àwọn ọmọ mi tó wà ní Abuja tí ọ̀nà ti dí mọ́, màmá mi tó ní àwọn kò lọ síbì kankan, fóònù tí kò yéé dún. Mẹ́fà nìyẹn. A kò tíì ka omi mọ́ ọn.

Ẹ má rò pé ó dìgbà tí ẹrù bá wúwo bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn kan há nọ́ńbà méjì péré sórí, wọ́n ní kí àwọn yòókù há méje. Wọ́n ní kí wọ́n rìn láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, kí wọ́n sì yan ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ nínú kéèkì ṣokoléètì àti èso gígé. Àwọn tó ń gbé nọ́ńbà méje lọ́kàn ló yan kéèkì jù, ohun tí ojú rí tí ọ̀fun ń fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà méje lásán, tí kò bí wọn, tí wọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìwádìí tó là mí lójú jù ni èyí tó jáde lọ́dún 2013. Àwọn olùwádìí, tí Sendhil Mullainathan àti Eldar Shafir wà lára wọn, lọ bá àgbẹ̀ onírèké 464 ní Tamil Nadu, ní ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn ìkórè nìkan ni irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń rí owó gidi. Wọ́n dán ọpọlọ wọn wò kí wọ́n tó kórè, nígbà tí ọwọ́ wọn gbẹ, wọ́n sì tún dán an wò lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ti wọlé. Àgbẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ni, síbẹ̀ wọ́n ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju ti ìṣáájú lọ. Kì í ṣe pé ọlọ́gbọ́n ń di aláìgbọ́n ní ìgbà ọ̀wọ́n. Ìrònú owó ló gba àyè tí ọgbọ́n ì bá fi ṣiṣẹ́.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé agbára ìpinnu dà bí epo inú fìtílà, pé béèyàn bá ti lò ó láàárọ̀, á ti tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2016, ilé ìwádìí 23 tún ìdánwò tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé ṣe, wọn kò rí ohun tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀: àyè ló kéré, kì í ṣe epo ló tán. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí bó bá jẹ́ epo ló tán, oorun ni oògùn rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àyè ló kún, àfi ká sọ ẹrù kalẹ̀.

Ohun tí ọkàn tó kún máa ń ṣe

Ti fírísà yẹn ni àkọ́kọ́, mo ti sọ ọ́. Èkejì ni pé ó máa ń dúró síbi tó wà. Kò kọ̀, kò gbà, "ẹ jẹ́ ká wò ó ná" ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó ba ilé jẹ́ ní Lọ́kọ́ja tó "ẹ jẹ́ ká wò ó ná". Ó jọ sùúrù, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Ṣùgbọ́n sùúrù mọ ohun tó ń dúró dè. Ẹ bi ẹni tó ní ká wò ó ná léèrè pé kí ni yóò rí tí yóò fi ṣí nílẹ̀, kò ní lè sọ.

Ẹ̀kẹta ni pé á máa wojú aládùúgbò. Bí bàbá tó wà ní ilé iwájú kò bá tíì kó, àwa náà kò ní kó. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òun náà ń ti fèrèsé yọjú wo tiwa. Mo bi irú bàbá bẹ́ẹ̀ léèrè lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ̀yin ni mò ń wò. Mo ní ìyá ń bẹ lọ́dọ̀ yín, bí ewu bá wà ẹ ò ní dúró." Èmi sì ń wò wọ́n pé àgbà tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja jù mí lọ kò ní jókòó bí ewu bá wà. Omi dé bá àwa méjèèjì níbi tí a ti ń wo ara wa.

Ìkìlọ̀ kọ́ ló wọ́n wa

Odò méjì ló pàdé lẹ́sẹ̀ ìlú wa. Odò Ọya gba Kainji àti Jebba bọ̀. Odò Benue ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ìsédò Lagdo tí orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù parí lọ́dún 1982 sì wà lókè rẹ̀. Òkè Patti wà lẹ́yìn wa, odò wà níwájú, ìlú há sáàárín. Ẹ̀bá odò náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí a ó gbà sá fún odò gbà kọjá. Gbogbo èyí kì í ṣe àṣírí. Àjọ NIHSA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn odò wa, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Àjọ ojú ọjọ́ NiMet ń sọ ti òjò. Àjọ pàjáwìrì NEMA ń kéde. Ní ọdún 2012, ènìyàn 363 ni NEMA kà pé ó kú káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó fi ilé sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní ọdún 2022, àwọn tó kú lé ní 600. Nígbà méjèèjì ni omi gé ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abuja, ti 2022 sì há àwọn ọkọ̀ epo mọ́ títí epo fi wọ́n l'Abuja. Ta ló lè ní òun kò gbọ́?

Ìgbà tí ìkìlọ̀ ń wọlé ni kò dára fún wa. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni odò ń ga jù níhìn-ín, oṣù kẹsàn-án náà sì ni ilé-ìwé ń wọlé. Ilé tó ń wá owó ìwé, owó aṣọ ilé-ìwé àti owó táàmù lẹ́ẹ̀kan náà ni rédíò ń bá sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ onírèké tí kò tíì kórè ni wá nígbà náà. Etí gbọ́; ọkàn kò ní ibi tí yóò gbé e sí.

Fóònù wá tún bu iyọ̀ sí i. Lagdo ti ṣí. Lagdo kò ṣí. Fídíò ọdún 2012 tí wọ́n ń pín bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Pásítọ̀ kan ní omi kò ní wọ ilé ẹnì kan báyìí. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí yóò máa gbọ́ ìròyìn fún gbogbo yín, àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, alẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láti ẹnu àwọn àjọ tí mo dárúkọ lókè àti àjọ pàjáwìrì ìpínlẹ̀. Kí àwọn yòókù pa ohùn ẹgbẹ́ WhatsApp wọn mọ́lẹ̀ títí omi yóò fi fà. Ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí fóònù kọ́ ló yẹ iṣẹ́ yìí jù. Ẹni tí kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ ni kí ẹ yàn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn kí n tó kíyè sí arọ inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò lè sáré. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dúró de ariwo.

Ọ̀pá baba apẹja

Baba apẹja kan wà tí mo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ará Kakanda, Yorùbá ẹnu wọn já gaara. Ahéré wọn sún mọ́ odò ju ilé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, síbẹ̀ ní 2022 wọn kò pàdánù ju ẹní méjì àti ìkòkò kan. Mo lọ bá wọn ní oṣù kejìlá ọdún náà, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi.

Wọ́n mú mi lọ sí etí omi. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, igi líle, kò ga jù mí lọ. Wọ́n ti fi àdá gé e lára níbi mẹ́ta. Wọ́n fọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀: "Bí omi bá dé ibí, mo tú àwọ̀n." Wọ́n fọwọ́ kan ti àárín: "Ibí, ìyàwó àti ọmọ ti lọ." Wọ́n fọwọ́ kan ti òkè: "Ibí, èmi náà ti lọ." Mo ní, "Baba, bí ó bá wá jẹ́ pé omi dúró síbẹ̀ tí kò gòkè mọ́ ńkọ́?" Wọ́n ní, "A ó padà wá. Ìgbà mélòó ni mo ti kó lásán! N kì í bi ara mi léèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá ni mò ń bi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Nígbà tí baba yìí gé ọ̀pá wọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti lọ sílẹ̀, ikùn wọn kún, ọkàn wọn balẹ̀. Ọgbọ́n ọjọ́ náà ni wọ́n kó sára igi, kí ó lè máa dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí ọgbọ́n bá ṣòro. Wọ́n sì ti gbà látilẹ̀ pé ọdún mìíràn wà tí àwọn yóò kó lásán. Èyí ló nira fún àwa ará ìgboro jù. Ìtìjú kíkó lásán ń dá wa dúró ju ìfẹ́ ohun ìní lọ. Ẹ sọ fún ara yín nínú ilé, kí gbogbo yín gbọ́ ọ, pé ẹ ó kó lásán lọ́dún kan lára ọdún mẹ́ta, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìjókòó oṣù kìíní

Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, lẹ́yìn tí ìnáwó ọdún ti rọlẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, odò ti fà, ìlà omi ọdún tó kọjá ṣì hàn lára ògiri. Kí gbogbo ará ilé jókòó, títí kan ọmọ tó bá ti lè ka ìwé. Wákàtí kan tó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, pàápàá ọ̀rọ̀ owó.

Àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ jáde síta, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé sí àdúgbò yín, gọ́tà ni, tàbí ẹsẹ̀ afárá kékeré, tàbí òpó géètì. Ẹ bi ara yín pé: nígbà tí omi bá dé ibí, ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣì lè kọjá lójú títì? Bí kò bá lè kọjá mọ́, àmì yẹn ti ga jù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ilé kan tí mo mọ̀ tí àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n mú kò ga jù. Ibi tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn. Peter Gollwitzer, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1990 pé ẹni tó bá sọ ìpinnu rẹ̀ ní "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, tọ̀hún ni n ó ṣe" máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn ní èrò rere lọ. "A ó tètè kó lọ́dún yìí" kì í ṣe ìpinnu. "Bí omi bá kan ọ̀dà pupa, màmá àti àwọn ọmọ yóò kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn yóò sì lọ sí Kàbbà" ni ìpinnu. Ẹ dárúkọ ènìyàn, ẹ dárúkọ ibi, ẹ dárúkọ àkókò. Kí ẹ sì ti bá àwọn tí ẹ ó lọ bá níbẹ̀ sọ ọ́ ní oṣù kìíní, kí ó má jẹ́ pé orí fóònù tí iná rẹ̀ ti fẹ́ tán lẹ ó ti máa bẹ̀bẹ̀. Ẹ bá onímọ́tò kan sọ ọ́ pẹ̀lú, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ mọ iye tí yóò gbà.

Ẹ wá pín iṣẹ́. Ẹni tó ń di báàgì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba fóònù. Ẹni tó ń mú ọwọ́ àwọn ọmọ kò ní iṣẹ́ mìíràn rárá. Ẹ fún ọmọ ní ohun kan ṣoṣo láti rántí: "Bí mo bá ti ní ó yá, wọ bàtà, kí o di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ mú." Ọkàn àgbàlagbà gba mẹ́rin, ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀.

Báàgì kan ni kó kọ́kọ́ jáde, kó tó kan ohunkóhun tó nílò ọwọ́ ènìyàn méjì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀, káàdì ìdìbò, ìwé NIN, káàdì ilé ìwòsàn, oògùn ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ń lo oògùn, ṣájà, tọ́ọ̀ṣì, àti owó tí ẹ ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó kó o sínú báàgì. Láti oṣù kẹjọ, ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni kó máa wà, kó má sí lábẹ́ ibùsùn.

Ìyá tó ní àwọn kò lọ

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí níbí ni ètò ọ̀pọ̀ ilé ti ń dàrú. Ní 2022, omi ti wọ yàrá kí màmá mi tó gbà láti dìde. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Mi ò lọ síbì kan," ni wọ́n ń wí, "ibí ni bàbá yín sin mí sí." Bàbá wa ti kú láti ọdún 2009; n kò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, n kò sì ní àyè láti béèrè.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo béèrè. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi dilẹ̀, mo jókòó ti ẹsẹ̀ wọn. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ omi yẹn, kí lẹ̀ ń rò tí ẹ fi kọ̀?" Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Àpótí mi." Nínú àpótí náà ni aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó wà, àti àwòrán bàbá wa kan ṣoṣo tó kù. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò ní ọwọ́ tí yóò bá wọn gbé e, ojú sì ń tì wọ́n láti ní ká fi ẹrù ọmọ sílẹ̀ ká gbé aṣọ arúgbó. Fírísà tí kò ṣiṣẹ́ ni ọmọ wọn ń gbé lójú wọn.

A yọ àwòrán náà, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, a gbé ojúlówó rẹ̀ àti aṣọ òkè lọ sí Kàbbà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Láti ọjọ́ náà, màmá kò bá mi jiyàn lórí lílọ mọ́. Bí àgbàlagbà bá ní òun kò lọ, ẹ má jà. Ẹ wá ọjọ́ tí kò sí omi, kí ẹ bi í ní ohun tó ń bẹ̀rù láti fi sílẹ̀. Kí ẹ sì bi í ní ẹni tí ó lè gbọ́ràn sí lẹ́nu láì ṣe àròyé. Ní tiwa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn. Òun ni yóò máa pè wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá kọjá ìlà mẹ́wàá, ẹ gé e kúrú.

Ẹ má ní ẹ ó rántí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní pápá Wright ní Ohio, ọkọ̀ òfuurufú tuntun tí Boeing ṣe fún àwọn ológun Amẹ́ríkà gbéra, ó já lulẹ̀, ó gbiná. Méjì nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ni ẹni tó wà á. Ohun èlò kan tó yẹ kó tú kí ó tó gbéra ló gbàgbé, nítorí ohun tí ọkọ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ti pọ̀ ju ti àwọn ìṣáájú lọ. Ohun tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sínú ìwé pélébé, wọ́n ń kà á sókè. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́rin, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ káàkiri ayé, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Ifakara ní Tanzania. Ikú tó ń pa 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn wá sí 0.8. Dókítà ni wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn kí ìwé náà tó dé.

Ní ọjọ́ náà, kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa ka ìwé náà sókè, kí àwọn yòókù máa dáhùn pé "ó ti wà." Pípa iná láti orí mítà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, àti nọ́ńbà pàjáwìrì 112.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ pinnu lọ́jọ́ omi

Ẹ má ta nǹkan kan. Àwọn kan máa ń wá pẹ̀lú owó lọ́wọ́ nígbà ìkún omi, wọ́n ń ra ewúrẹ́, wọ́n ń ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń ra ilẹ̀ pàápàá, ní iye tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nílẹ̀ kò ní gbọ́ sétí. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má yá owó èlé. Ẹ má gbà láti wọ ilé tuntun fún odindi ọdún kan nítorí pé ẹ nílò ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ òní. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kán yín lójú, ẹ ní: "Nínú ilé wa, a kì í dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan." Ẹ ti pinnu ìdáhùn náà ní oṣù kìíní, kíkà lẹ kàn ń kà á.

Nígbà tí omi bá fà, ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ ilé náà lè dúró. Ẹ wá omi mímu tó mọ́, ẹ sun oorun alẹ́ mélòó kan, ẹ jẹun. Bí ó bá di oṣù mélòó kan tí ẹnì kan nínú ilé kò tíì lè sùn, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí òjò bá ti ṣú, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ fún dókítà gẹ́lẹ́ bí ó ṣe rí.

Àmì ilé tiwa wà lára òpó géètì, ọ̀dà pupa ni. Orúnkún mi ni mo kọ́kọ́ fà á sí. Màmá ní rárá, ó ga jù, pé ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ti òpó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kan ibi tí ọrùn ẹsẹ̀ tiwọn mọ, wọ́n fà á síbẹ̀. Òjò máa ń fọ̀ ọ́ kúrò. Bí oṣù kìíní bá ti dé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń béèrè pé níbo la gbé ọ̀dà sí.